Bí wọ́n ṣe ń ṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìgbìyànjú, ẹ sì kú àìsùn. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí láyé mi. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo níbí, abẹ́rẹ́ ló mọ́ mi lọ́wọ́, bíró kọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n kan kọ sí yín láti Ìkìrun lóṣù tó kọjá ni ò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ̀gbọ́n ní ayé ti bàjẹ́ o, pé àwọn ìyá ọlọ́mọ ń wọ ṣòkòtò, wọ́n ń yí gbirigbiri nílẹ̀ bí ẹni tí wárápá gbé, wọ́n ní àwọn ń kọ́ ìjà àwọn ará Jàpáànì kí àwọn lè fọ́n. Wọ́n ní obìnrin tó bá fẹ́ fọ́n, kó lọ gún iyán.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun fún ìmọ̀ràn. Ọdún 23 ni mo ti ń gún iyán nílé ọkọ. Èmi náà ni mo sì ń jẹ nínú ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọlọ́mọ tí ẹ ń sọ yẹn ni mí. Júdò ni mò ń kọ́. Ọmọ ọdún 47 ni mí, mo ti bímọ mẹ́rin, mùsùlùmí ni mí, ọkọ mi sì mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ ló gbé mi débẹ̀.

Nínú oṣù kẹfà ọdún 2023, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá wa lẹ òkúta mọ́ aṣọ. Mo gbé léèsì aṣọ ẹbí mẹ́fà dání, àwọn tó ni í máa tó dé wá gbà á. Pákó kan wà tí a fi ṣe afárá sórí gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, láti ọdún tí mo ti gba ṣọ́ọ̀bù náà ni mo ti ń gba orí ẹ̀. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ kejì lé e báyìí, mo gbọ́ "kàràkàrà". Kí n tó sọ pé kí nìyẹn, mo ti wà nínú gọ́tà dé àyà, mo na léèsì sókè kó má baà rin. Ọkùnrin mẹ́rin ló fà mí jáde. Ọ̀kan nínú wọn, ọlọ́kadà ni, ń pariwo pé, "Ẹ rọra o, tírélà ló ṣubú!" Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Ọrùn-ọwọ́ mi òsì ti kán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni P.O.P fi wà lọ́wọ́ mi. Nílé ìwòsàn ni wọ́n ti gbé mi sórí ìwọ̀n: kílò 108. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi jẹ́ 160 lórí 100. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọ dáadáa ni, kò pariwo ẹ̀, ó kàn yí káàdì náà sí mi kí n fojú ara mi rí i.

Nǹkan tí mi ò sọ fún nọ́ọ̀sì, tí mi ò sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi pàápàá, ni pé láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ilẹ̀ ti ń bà mí. Ilẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń tẹ̀ yìí o. Bí mo bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ma kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ kan, ma fi tọ́ ilẹ̀ wò bí ẹni ń tọ́ omi gbígbóná wò. Bí òjò bá rọ̀, mi ò ní jáde. Wọ́n pè mí síbi ìyàwó ní gbọ̀ngàn kan tó wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo ní ara mi ò yá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló ń lọ ra òwú, ra síìpù, ra gbogbo nǹkan. Èmi jókòó ti máṣìn, mò ń fi súyà àti mínírà tù ara mi nínú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó bá sanra, wọ́n á ní ayé ń yẹ ẹ́ ni. Wọ́n á kí ọ pé "ẹ ń jayé o, owó ti dé." Ẹnu kan náà ni wọ́n á fi pè ọ́ ní ọ̀róbó bí o bá ti yíjú padà. Èmi télọ̀ ni mo mọ ibi tí ọ̀ràn náà pin sí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ bo ikùn, mo mọ ibi tí wọ́n ń gba ojú ìránṣọ kọjá kí ìbàdí lè dà bíi pé ó kéré. Ìwé ìwọ̀n oníbàárà mi ti di mẹ́jọ. Mo lè la ìwé náà kí n sọ fún yín ẹni tó sanra lọ́dún 2015 àti ẹni tó rù. Orúkọ tèmi ò sí nínú ẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko, bùbù tí kò nílò ìwọ̀n ni mò ń rán wọ̀.

Mo gbìyànjú o. Mo mu tíì tí wọ́n ń tà nínú bọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n ní ó ń fọ ọ̀rá. Ilé ìgbẹ́ ni mo ń fọ̀.

Àbíkẹ́yìn mi ló mú mi dé ibi júdò. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà náà, àwọn kan ń fìyà jẹ ẹ́ nílé ìwé, bàbá rẹ̀ sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní gbọ̀ngàn kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Èmi ni mò ń lọ mú un bọ̀. Ma jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ma máa wò wọ́n. Kò sí ẹní júdò gidi níbẹ̀ o, fóòmù ni wọ́n tò, wọ́n fi tapólì bò ó, wọ́n fi okùn so igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ òpó. Lọ́jọ́ kan, bí àwọn ọmọ ṣe ń lọ, kóòṣì wá bá mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá jókòó sórí ẹní yìí ná." Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé bí mo bá jókòó, ta ni yóò gbé mi dìde? Ó ní, "Ìdìde ò tíì kàn wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣubú ni mo fẹ́ kọ́ yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ta ló sọ fún un?

Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n lọ bi dókítà, kí n má sì fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, kí n mú káàdì wá kó rí i. Dókítà ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n rọra. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ lóṣù kọkànlá. Odidi oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó gbé mi ṣánlẹ̀, èmi náà ò gbé ẹnikẹ́ni. Ìṣubú nìkan.

Ẹ wò ó, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ ó jókòó, ẹ ó ká orúnkún, ẹ ó na apá méjèèjì síwájú. Ẹ ó fi àgbọ̀n kan àyà, ẹ ó wá yí sẹ́yìn bí ìgbà tí ẹyin bá yí. Bí ẹ̀yìn bá ṣe ń kan ilẹ̀ ni ẹ ó fi apá méjèèjì gbá ilẹ̀, láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìgúnpá, "pàà!" Apá tó gbá ilẹ̀ yẹn ń bá ẹ̀yìn pín nínú ìyà náà ni. Kóòṣì bi mí bí ọwọ́ mi ṣe kán, mo sọ fún un pé mo fi tẹlẹ̀ ni. Ó ní bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe nìyẹn, wọ́n á na ọwọ́ kan ṣoṣo gan-an síwájú ilẹ̀, gbogbo ara á sì gun ọrùn-ọwọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń tẹnu mọ́: "Mọ́mì, ẹ wo kókó ìgbànú yín. Bí ojú yín bá wà níbẹ̀, orí yín ò ní kan ilẹ̀." Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní júdò, àtọmọdé àtàgbà, kókó ìgbànú ni kí wọ́n máa wò. Wàhálà tèmi ni pé mi ò rí kókó kankan. Mo tẹ orí ba, ikùn ni mo rí. Mo sọ fún kóòṣì, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n máa wo ibi tí mo rò pé ó wà.

Ẹ̀gbọ́n Ìkìrun, ẹ ní ìjà àjèjì ni. Àwọn bàbá wa ò ha ń jà gídígbò bí? Nínú ìtàn tí wọ́n ń pa fún wa ní kékeré, Ìjàpá fúnra rẹ̀ jàkadì. Ìyàtọ̀ tí èmi rí ni pé ní gídígbò tiwa, bí ẹ̀yìn rẹ bá ti kan ilẹ̀, ó ti parí, o máa lọ sílé. Níbi tiwọn, ibi tí ẹ̀yìn ti kan ilẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1882, Jigoro Kano, kò tóbi rárá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fìyà jẹ ẹ́ nílé ìwé nítorí ara kékeré rẹ̀, ìyẹn ló sì sún un dédìí ìjà kíkọ́. Orúkọ tó sọ ọ́, júdò, "ọ̀nà pẹ̀lẹ́" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi ló kà á sí mi létí lórí fóònù, mo ní ó dà bí orúkọ tí Yorùbá lè sọ nǹkan.

Ní ti pé obìnrin ò gbọ́dọ̀ ṣe é, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dí obìnrin lọ́nà, àwọn ará Jàpáànì ti ṣe é ṣáájú yín. Obìnrin kan wà láàrin wọn, Keiko Fukuda, tí gíga rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ọ̀dọ̀ Kano fúnra rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Wọ́n dá a dúró sí ìpele karùn-ún nínú oyè júdò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún nítorí pé obìnrin ni. Ó fara dà á. Ọdún 2011, nígbà tó di ẹni ọdún 98, ni wọ́n tó fún un ní ìpele kẹwàá ní Amẹ́ríkà. Ó kú lọ́dún 2013. Ọdún 98, ẹ̀gbọ́n mi! Èmi tí mi ò tíì pé 50.

Ní ti ìbora, ìborùn mi kò kúrò lórí mi láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ. Obìnrin ló ń mú obìnrin níbẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni tiwa, àwọn ọkùnrin di aago mẹ́fà ààbọ̀. Ní Olympics ti London lọ́dún 2012, ọmọbìnrin Sáúdí kan, Wojdan Shaherkani, wọ orí ẹní pẹ̀lú fìlà tó bo irun rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn aláṣẹ ti jọ jókòó fẹnu kò lórí rẹ̀. Wọ́n dá a kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Ṣùgbọ́n ó débẹ̀.

Ẹ̀ka tí ọmọbìnrin náà ti jà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Lọ́jọ́ tí kóòṣì ń kọ ìwọ̀n wa sílẹ̀, àwa obìnrin méje la tò. Tíṣà kan ní 61, ẹni tó ń ta ẹ̀pà ní 70. Nígbà tó kàn mí, mo sọ ọ́ sí i létí: 104. Kóòṣì ò gbójú sókè, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé "+78", ó yí sí ẹni tó kàn. Mo bi í pé kí ni ìyẹn. Ó ní ẹ̀ka ìwọ̀n méje ni àwọn obìnrin ní, kílò ni wọ́n fi ń kà á: 48, 52, 57, 63, 70, 78, èyí tó kẹ́yìn sì ni ti ẹni tó bá ju 78 lọ, kò sí òkè fún un, ibẹ̀ ni ọmọbìnrin Sáúdí yẹn ti jà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń wọn èèyàn, bí wọ́n bá dé orí mi, wọ́n á ní "háà." Ibẹ̀ ni àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ṣe àyè sílẹ̀ dè mí kí n tó dé.

Mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo mú ìwé ìwọ̀n kẹjọ, mo kọ orúkọ ara mi sí ojú ewé tuntun, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi àgbà fi téèpù wọ̀n mí. Ìbàdí, ínṣì 51. Ó fẹ́ sọ 49 kó fi tù mí nínú, mo ní kó kọ nǹkan tó rí.

Aṣọ júdò náà fúnra mi ni mo rán an. Tẹ́rù funfun ni mo fi rán ti àkọ́kọ́, mo ronú pé kí ló wà nínú kímónò, ṣebí bùbá aláyà ṣíṣí ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí tíṣà fa kọ́là mi, abíyá ya dé ìbàdí. Mo tún un rán ní ìlọ́po méjì, mo rán òwú nípọn lé e lórí ní ìlà-ìlà tó súnmọ́ra bíi ti ẹní tí wọ́n ń hun, mo fi ìrépé onígun mẹ́ta há abíyá kó lè ní àyè. Kọ́là nìkan, ìpele mẹ́rin ni mo ṣe é, abẹ́rẹ́ máṣìn méjì ló ṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìyẹn ò ya títí di òní, gbogbo àwa obìnrin tó kù ló sì ní kí n rán tiwọn.

Ẹ má jẹ́ n tan yín, júdò nìkan kọ́ ló jẹ́ kí n fọ́n. Mo dá ẹ̀bà aago mẹ́wàá alẹ́ dúró, àmàlà mi di ẹyọ kan, mínírà di ti ọjọ́ ọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán láàrin ọ̀sẹ̀. Ìṣẹ́jú 90 lẹ́ẹ̀mejì ni tiwa. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àárọ̀ rí, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ṣe. Orúnkún dùn mí, ó sì sú mi. Bí o ò bá wá síbi júdò, ẹni tí o máa mú á dúró lásán, á sì pè ọ́ lórí fóònù. Tíṣà yẹn ò ní jẹ́ kí n gbádùn.

Kílò 88 ni mí báyìí, ínṣì 42. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀, mo ṣì ń lo oògùn. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ti gbé àgbo wá fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ó pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé kì í ṣe àrùn yẹn?" Oníbàárà kan ní ó dájú pé ọkọ mi ti lọ fẹ́ ìyàwó kékeré. Bàbá àwọn ọmọ mi gbọ́, ó ní kí n sanra padà kí àwọn èèyàn má baà ba òun lórúkọ jẹ́.

Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìgbànú yẹ́lò lẹ́ẹ̀kan. Mo gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Àwa méje la bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ti lọ. Orúnkún mi ṣì ń dùn bí òjò bá ṣú.

Lóṣù kẹsàn-án èṣí, mo gun ọ̀kadà láti Ọlaìyá, ó kù díẹ̀ ká dé Òkè-Fìà, táyà gun iyanrìn, ọ̀kadà yọ̀. Mo rántí rẹ̀ bí ẹni pé àná ni. Ọwọ́ mi ò na ilẹ̀. Àgbọ̀n mi ti kan àyà kí n tó mọ̀, mo sì rí i, láàrin títì, lójú gbogbo ayé: mo rí kókó ìró tí mo so mọ́ ìdí. Ikùn ò bò ó mọ́. Ẹ̀yìn mi kan ilẹ̀, apá mi gbá ọ̀dà "pàà", mo yí lẹ́ẹ̀kan, mo dìde dúró. Ìgúnpá mi bó, bàtà mi kan ò sì ṣeé rí mọ́ títí di òní. Àwọn èèyàn sáré wá, "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má dìde!" Mo ti dìde kẹ̀! Mo ní kí wọ́n lọ wo ọlọ́kadà, òun ló jókòó nílẹ̀ tó di ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni.

Mo fẹsẹ̀ rìn délé pẹ̀lú bàtà kan. Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ bá ìyá kan tó jẹ mí lówó aṣọ ẹbí láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, mo dúró sí pálọ̀ rẹ̀, mi ò jókòó, mi ò pariwo. Ó san án.

Olóòtú, nǹkan tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an rèé. Láti oṣù kìíní ọdún yìí ni wọ́n ti lé wa kúrò ní gbọ̀ngàn tí a ń lò, wọ́n ní àwọn olówàǹbẹ̀ ń san owó tó jọjú. Mi ò bá wọn jà, àwọn náà ń wá oúnjẹ òòjọ́. Abẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà ẹnì kan la wà báyìí, bí òjò bá ti ṣú, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀ ní Òṣogbo tí gbọ̀ngàn wọn ń wà ní títì láti aago méjì ọ̀sán. Kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣí ọ̀kan fún wa ní wákàtí méjì, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. A ó gbálẹ̀, a ó fún ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní nǹkan. Ẹ̀yin náà, ojú ewé mẹ́ta lẹ fi ń kọ bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ bùn wá ní igun kan péré.

Ẹ sì bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n Ìkìrun pé a ti wá àyè sílẹ̀ fún wọn lọ́jọ́bọ̀, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Aṣọ ò ní jẹ́ ìṣòro, ma rán an lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n sáà fi gígùn apá àti ìwọ̀n ìbàdí wọn ránṣẹ́. Mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Télọ̀,
Ìgbọ̀nà, Òṣogbo.